Kòtò Tó Wà Lábẹ́ Odò Alájì

Àwọn ọmọ ọmọ mi méjì ló wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀kan fẹ́ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ìkejì ní òun fẹ́ di bíríkìlà bíi tèmi. Wọ́n ní kí n sọ èyí tó dára jù nínú méjèèjì. Mo ní kí wọ́n lọ jẹun ná. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni mo rí i pé ó yẹ kí n kọ nǹkan sílẹ̀ kí n tó kú, nítorí ilé tí mo kọ́ tó ṣì wà lórí ìdúró nìkan làwọn èèyàn Ìbàràpá fi mọ̀ mí. Iṣẹ́ kan wà tó wó, tí wọ́n dá ẹlòmíràn lẹ́bi rẹ̀, èmi gan-an ló sì yẹ kí wọ́n dá lẹ́bi.

Igbó-Ọrà ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Erùwà ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọdún kejì tí a gba òmìnira ni bàbá mi gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó lọ fà mí lé ọ̀gá mi lọ́wọ́. Wàsíù ni orúkọ àkọ́bí ọ̀gá náà, ìyẹn ni gbogbo ayé fi ń pè é ní Bàbá Wàsíù. Ọ̀rọ̀ àdéhùn àti owó ìkọ́ṣẹ́, wọ́n ti parí rẹ̀ kí oòrùn tó mú, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ rí kọ́ nínú ìyẹn. Bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, kò wẹ̀yìn.

Ọdún kan gbáko ni mo fi sẹ́ yanrìn. Ọ̀gá mi kò jẹ́ kí n to búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì. Yóò bu yanrìn tí mo sẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò fi ọwọ́ kejì ra á, yóò gbọ̀n ọ́n nù, yóò wá na ọwọ́ náà sí mi lójú. Bí ọwọ́ bá pọ́n, amọ̀ ṣì wà nínú yanrìn nìyẹn, mo máa kó gbogbo rẹ̀ padà lọ sétí odò láti fọ̀ ọ́. Kì í nà wá, kì í sì í pariwo. Bí o bá to ògiri tí kò bá okùn mu, ẹsẹ̀ ni yóò fi tì í wó, yóò ní kí o fọ sìmẹ́ǹtì kúrò lára búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan kó tó gan, kí o sì tún un tò. Mo ti fọ búlọ́ọ̀kù láyé mi ju bí ìyàwó mi ṣe fọ abọ́ lọ, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí á rò pé ìyà ni. Ìyà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà náà, pákó tí a kàn pọ̀ la fi ń rọ búlọ́ọ̀kù, abọ́ omi la fi ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ tẹ́jú, ṣọ́bìrì la sì fi ń po kóńkéré láti àárọ̀ títí ọwọ́ á fi bó. Bí ọ̀gá kò bá le, ilé á wó pa èèyàn. Ìgbà tí rọ́bà gígùn tí à ń rọ omi sí dé, tí omi inú rẹ̀ ń fi ìpele hàn wá láti igun ilé kan dé èkejì, ọ̀gá mi tún ń gbé abọ́ rẹ̀ lé orí ògiri lẹ́yìn tí a bá fi rọ́bà wọ̀n ọ́n tán. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ sọ ohun kan náà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní ọdún kẹrin tí mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mo ní láti sọ ọ́, torí òun ló bí gbogbo èyí tó kù. À ń kọ́lé fún tíṣà kan ní Tápà. Tíṣà náà dúró tì wá lọ́jọ́ kan tí ọ̀gá mi ń la okùn yàrá kejì, mo sì rí i pé ẹsẹ̀ bàtà kan ti dín nínú ìbú yàrá náà. N kò lè pa á mọ́ra. Mo ní, "Ọ̀gá, yàrá yìí ti kéré ju tàkọ́kọ́ lọ." Ọ̀gá mi tún un wọ̀n, ó rí i pé òótọ́ ni, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì tún okùn náà là. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni tíṣà ti ń fi téèpù tirẹ̀ wọn gbogbo ohun tí a bá ṣe.

Lójú ọ̀nà àbọ̀, ọ̀gá mi dá kẹ̀kẹ́ dúró. Ó ní, "Làmídì, òótọ́ lo sọ. Mi ò bínú sí òótọ́. Ṣùgbọ́n o bọ́ mi sí ìhòòhò lójú oníbàárà. Láti òní lọ, bí o bá rí àṣìṣe mi níbi tí oníbàárà wà, pa ẹnu rẹ mọ́. Tó bá ku èmi àti ìwọ, kí o wá sọ ọ́." Ọjọ́ mẹ́wàá ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Bàbá mi ní láti wá láti Igbó-Ọrà, ó dọ̀bálẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ mi, èmi náà dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo fi ẹ̀kọ́ náà sọ́kàn ju gbogbo èyí tó kọ́ mi nípa sìmẹ́ǹtì lọ.

Mo gba òmìnira lọ́dún kẹfà. Wọ́n ṣe àdúà fún mi, mo jẹ ẹran, ó tán. N kò lọ dá dúró, nítorí mo fẹ́ràn bàbá náà, òun náà sì ti fi mí ṣe ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Wàsíù ọmọ rẹ̀ ń dàgbà bọ̀ lẹ́yìn wa, ó sì mọ búlọ́ọ̀kù í tò ju èmi lọ nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀. Ọ̀gá mi kì í yin ọmọ náà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń rí i tó ń yọ́ wo iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí Wàsíù bá kọ ẹ̀yìn sí wa.

Ọdún tí wọ́n ní kí ọkọ̀ kúrò lápá òsì kó máa gba apá ọ̀tún ni Alájì dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ odò rẹ̀. Ọmọ Erùwà ni Alájì, ọkọ̀ akẹ́rù ló fi là. Ó ti kọ́ ilé alájà sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ẹ̀yìn ilé náà sì dà gẹ̀rẹ́ lọ bá àwọn agboolé àtijọ́ nísàlẹ̀. Ó ní òun fẹ́ adágún ìwẹ̀ síbẹ̀, irú èyí tó wà ní òtẹ́ẹ̀lì Èkó, kí àwọn ọmọ òun lè máa lúwẹ̀ẹ́ nígbà Iléyá. Ọ̀gá mi béèrè pé kí ló burú nínú odò tí Ọlọ́run dá. Alájì rẹ́rìn-ín, ó ní ara àwọn ọmọ òun kò gba ẹ̀fọn.

A kò kọ́ irú rẹ̀ rí. Tánkì omi òjò la mọ̀, a ti rì wọ́n mọ́ ilẹ̀ láìmọye. Alájì gbé ọ̀gá mi lọ sí Èkó láti lọ wo ọ̀kan. Okùn ni bàbá náà mú lọ. Ibi tí gígùn parí, ó ta kókó kan. Ibi tí ìbú parí, ó ta méjì. Nígbà tó kan jíjìn, ó bọ́ ẹ̀wù, ó wọ inú omi dé àyà tòun ti ṣòkòtò, àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì sì ń pariwo lé e lórí. Ó dé, ó na okùn náà fún mi, ó ní, "Tánkì tí kò ní ìdérí ni, Làmídì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ o. Nígbà tí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́, apá òkè adágún á wọ inú ilẹ̀, apá ìsàlẹ̀ á sì yọ síta, ògiri nìkan ni yóò máa di omi mú níbẹ̀. Nítorí náà, ìpìlẹ̀ apá ìsàlẹ̀ ni gbogbo ẹ̀mí iṣẹ́ náà. Ọ̀gá mi mú àwọn alágbàṣe lọ fọ́ àpáta lókè, ó fi ìsàlẹ̀ lé mi lọ́wọ́. A gbẹ́ kòtò ìpìlẹ̀ títí a fi kan ilẹ̀ pupa tó le. Ọ̀gá mi wá wò ó, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ó ní ó dáa.

Ìyá àgbà kan ń gbé nísàlẹ̀ ibẹ̀ gan-an, Ìyá Mọ́núrá, opó tó ń dá gbé nínú ilé alámọ̀ ọkọ rẹ̀. Iwájú ilé ló máa ń jókòó sí tí yóò máa pa ẹ̀gúsí láti àárọ̀. Òun ló ń fún wa lómi mu. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ da kóńkéré ìpìlẹ̀, mo lọ bomi lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní, "Làmídì, ọmọ mi, ṣé igun ọ̀hún yẹn náà lẹ máa gbé ògiri lé?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ó ní, "Ibẹ̀ mà ni àwọn bàbá ọkọ mi ti gbẹ́ amọ̀ tí wọ́n fi mọ gbogbo agboolé yìí. Kòtò náà jìn. Eérú, èèpo iṣu, àpáàdì, gbogbo ẹ̀ la dà sí i títí ó fi kún. Ọkọ mi ló wá fi ilẹ̀ pupa bò ó, tó gún un mọ́lẹ̀, nígbà tó fẹ́ gbin ìbẹ́pẹ. Sọ fún ọ̀gá ẹ o."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ìlú wa, ẹ mọ̀ pé kò sí ilé alámọ̀ tí kò ní kòtò tirẹ̀ nítòsí. Èmi tí mo ń kọ́lé jẹun, n kò ronú kàn án. Mo gba ọ̀pá irin kan, mo lọ fi gún ilẹ̀ igun náà. Ó le títí dé orúnkún, lẹ́yìn ìyẹn ni irin wọlé ṣììì bí ìgbà tí èèyàn fi ṣíbí gún ẹ̀kọ. Ó wọlé tán títí ó ku díẹ̀ kí ọwọ́ mi kan ilẹ̀. Bí mo ṣe fà á yọ, eérú dúdú ló lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Mo sáré gun òkè lọ bá ọ̀gá mi. Alájì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àlejò méjì láti Ìbàdàn, ó ń júwe ọ̀gá mi fún wọn. Ó ní, "Kò sí ẹnjiníà òyìnbó tó mọ ilẹ̀ tó ọkùnrin yìí. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń mọ̀ ọ́n." Ọ̀gá mi rí mi, ó ní kí ló dé. Mo wo Alájì, mo wo àwọn àlejò. Mo ní, "Kò sí nǹkan, sà. Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá ráyè." Mo dúró. Alájì kò lọ. Ọkọ̀ òkúta dé, àwọn alágbàṣe bẹ̀rẹ̀ sí í po kóńkéré, àwọn àlejò sọ̀kalẹ̀ wá wòran, ọ̀gá mi sì ní kí a máa dà á. Èmi fúnra mi ni mo da páànù kìíní.

N kò parọ́ fún ara mi, ó ṣì ṣeé tún ṣe. Nírọ̀lẹ́ tí à ń lọ sílé, èmi àti ọ̀gá mi nìkan ló kù, bó ṣe sọ fún mi gan-an ló rí. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn. Ó ń fi ẹnu súfèé lórí kẹ̀kẹ́, èyí tí n kò gbọ́ rí. Mo ní kí n jẹ́ kó sun oorun ayọ̀, màá sọ ọ́ lọ́la. Ní ọjọ́ kejì, a ti to búlọ́ọ̀kù ìlà méjì, mo ní ó máa bínú pé n kò sọ ọ́ lánàá. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, mo ti ń sọ fún ara mi pé kóńkéré náà nípọn, irin wà nínú rẹ̀, bóyá kò ní ṣe nǹkan kan. Báyìí ni mo ṣe ń tan ara mi títí a fi rẹ́ ògiri náà tán, tí ó ń dán.

Wọ́n fi ọkọ̀ fa omi kún un ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Iléyá. Gbogbo Erùwà wá wo odò Alájì. Àwọn ọmọ Èkó rẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ méjì, wọ́n ń ta omi sí ara wọn. Ọ̀gá mi jókòó sábẹ́ òjìji pẹ̀lú ẹ̀wù tuntun, ó ń wo omi náà. Èmi kò wo omi, igun ìsàlẹ̀ ni mo ń wò.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni ògiri náà lọ. Kò sí ẹnì kankan nínú omi, mo dúpẹ́ ìyẹn. Igun náà kọ́kọ́ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ògiri wá ya lódindi, ó dojú bolẹ̀, omi sì ya lọ sísàlẹ̀. Ilé alámọ̀ kì í bá omi jà. Kí a tó sáré débẹ̀, ilé Ìyá Mọ́núrá ti wó jókòó. Wọ́n fa màmá náà yọ láàyè, ṣùgbọ́n itan rẹ̀ ti kán, ẹ̀gúsí tó ti pa sílẹ̀ sì ti bá omi lọ. Mo kúnlẹ̀ tì í. Ó wò mí, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ kí ẹlòmíràn má baà gbọ́: "Ṣebí mo sọ fún ọ." Kò tún sọ ọ́ mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé e lọ sí Ayétè, kò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nìkan rìn mọ́ títí ó fi kú.

Àwọn àgbà àdúgbò pe ọ̀gá mi jókòó. Alájì wà níbẹ̀, kò bínú, ó kàn ń mi orí ni, èyí tó burú ju ìbínú lọ. Wọ́n béèrè pé kí ló fà á. Ọ̀gá mi ní, "Ọwọ́ mi ni. Àpòpọ̀ kóńkéré yẹn ò dáa tó. Mi ò mọ ohun tí mo ṣì ṣe." Ó wá yíjú sí mi lójú gbogbo wọn, ó ní, "Làmídì, ìwọ lo wà nísàlẹ̀. Ṣé o rí ohunkóhun?"

Mo ní, "Mi ò rí nǹkan kan, sà."

Ẹnu tí mo pa mọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo lè pè é ní ọ̀wọ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀wọ̀. Ẹni tó ní kí n pa ẹnu mọ́ ló wá ní kí n sọ̀rọ̀ yìí, ojo ni mo ṣe.

Bàbá Wàsíù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé oníbúlọ́ọ̀kù fún Ìyá Mọ́núrá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé màmá náà kò padà wá gbé inú rẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn nìyẹn. Ó ní òun kò gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ òun mọ́. Ó mú Wàsíù kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ tó mọ iṣẹ́ náà bí ẹni tí wọ́n bí iṣẹ́ mọ́, ó rán an lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà ní Ìbàdàn. Ó ní ìran àwọn kò gbọ́dọ̀ tún kọ́ ohun tí yóò wó lu èèyàn. Òun gba oko lọ, ó ń gbin ẹ̀gúsí àti ẹ̀gẹ́.

Èmi ni gbogbo oníbàárà rẹ̀ wá bá. Mo kọ́ ilé ẹ̀kọ́, mo kọ́ mọ́ṣáláṣí, mo kọ́ ilé fún àwọn tí owó epo dé ọwọ́ wọn. Ẹ̀rọ ìpòkóńkéré dé, mo ra ọ̀kan. Mo kọ́ ọmọṣẹ́ tó lé ní ogún. Bí mo bá fẹ́ la ìpìlẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ gba ọ̀pá irin, màá gún ilẹ̀ náà ní igun gbogbo, màá sì wá ìyá tó dàgbà jù ládùúgbò lọ béèrè ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn èèyàn ní mo gbọ́n. Wọ́n máa ń yìn mí lójú mi, màá sì máa wo ilẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́, ẹ kọ́ ọ. Ó dáa, ó máa bọ́ yín. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀gá tí ọ̀wọ̀ rẹ̀ tó kí ilé wó nítorí rẹ̀. Bó bá fẹ́ bínú, kó bínú, kó lé yín lọ sílé, ẹ óò rí iṣẹ́ mìíràn.

Ó lé ní ọdún mẹ́wàá kí n tó lè sọ ọ́. Ojú ọ̀gá mi ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, ó ń fi ọ̀pá rìn. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, n kò dìde títí mo fi sọ gbogbo rẹ̀ tán: ọ̀rọ̀ Ìyá Mọ́núrá, ọ̀pá irin, eérú, Alájì àti àwọn àlejò rẹ̀, irọ́ tí mo pa lójú àwọn àgbà. Nígbà tí mo dákẹ́, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Báwo ni kòtò náà ṣe jìn tó?"

Mo dìde, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo gbé e sókè láti ilẹ̀ kó lè mọ bí ọ̀pá náà ṣe wọlé tó.

Ó ní, "Kóńkéré wa ńkọ́?"

Mo ní, "Kò fọ́, sà. Òdindi ló ṣubú. Kóńkéré yín dáa."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀, mo sì rò pé mo ti ṣe ohun rere kan. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí itan, ó ń fi ìka ra àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Wàsíù ti wakọ̀ títí, ẹ̀yìn ń dùn ún. Èmi ò ríran mọ́. Làmídì, o wá sọ fún mi pé ọwọ́ mi dáa. Kí lo fẹ́ kí n wá fi ṣe báyìí?"

Mo tún dọ̀bálẹ̀. Mo wà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Òun ló ní kí n dìde, kí n bá òun gbé kẹ́tù àlùwàlá.